Mo Lọ Wo Iná tó Pa Lásísì ní Kàdúná

Ẹ̀yin ará ilé wa, àti ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń yà kí mi láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo yín lẹ ti bi mí ní ohun tí mo rí lókè Ọya. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ fún yín. Bí mo bá ti dé ibì kan nínú rẹ̀, ẹkún á gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó tí mo ń kọ ọ́. Kíláàsì àgbàlagbà tí Tíṣà Adéọlá ṣe fún wa nígbà kan rí, ibẹ̀ ni ìwé mi mọ. Ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.

Èmi ni Ràfátù, ìyá Lásísì, opó Bùráímọ̀. Iṣẹ́ ọṣẹ ni mo ṣe dàgbà, òun náà ni mo ṣe darúgbó. Kò sí irú iná tí n kò dá rí sábẹ́ ìkòkò. Mo lè jókòó sínú yàrá kí n mọ̀ láti inú ìró rẹ̀ pé igi tútù ni wọ́n kì sábẹ́ ìkòkò mi níta. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ojú rẹ̀ rí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Lásísì nìkan ló kù fún mi nínú àwọn ọmọ tí mo bí. Kò tíì gbéyàwó, ọ̀rọ̀ ìyàwó la wà lẹ́nu. Ó lọ sí Kàdúná lọ wáṣẹ́, ó sì ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi pòròpòrò ọkà bàbà ṣe epo tí mọ́tò ń lò. Nígbà tó wálé ọdún iléyá tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, a rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ilé iṣẹ́ náà ò tóbi, pé ìdánwò ni, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n tó kọ́ ńlá. Ó ní wọn á gé pòròpòrò wẹ́wẹ́, wọn á sè é, wọn á jẹ́ kó kan, wọn á tún gbé e kaná, wọn á wá gba oru rẹ̀.

Sùfiánù, àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe olórí agbo ilé wa báyìí, òun ló kọ́kọ́ dẹ́kun ẹ̀rín. Ó bi Lásísì pé ohun tí a sè, tí a jẹ́ kó kan, tí a wá gba oru rẹ̀, kí là ń pè é nílẹ̀ yìí? Lásísì ní epo ni, bàbá. Sùfiánù ní ògógóró ni. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ikú rẹ̀ dé, Kàmọ́rù ló mú ìròyìn rẹ̀ wá. Ẹ mọ Kàmọ́rù, ọmọ Ìyá Sílífá, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sókè Ọya. Ó gbé àgbá òfìfo lọ sí ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun dúró lẹ́nu géètì ní ọ̀sán gangan, òun ń wo Lásísì tó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n kiri àgbàlá, tó ń ju apá, tó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó mutí yó. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́yìn náà ló ṣubú. Iná ló jó o. Wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bí ẹ̀sìn wa ti wí.

Èmi ò lè pe Kàmọ́rù ní òpùrọ́. Bí ọmọ ìyá ni òun àti Lásísì ṣe dàgbà, àwo kan náà ni wọ́n jọ jẹun nínú rẹ̀. Ó ń sunkún bó ti ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Sùfiánù di ibi kan mú nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ní ojú méjì, tí oòrùn ń ràn yòò, báwo ló ṣe rìn wọ inú iná, bí kì í bá ṣe pé ó ti mu nínú ohun tó ń sè? Ọjọ́ kẹjọ dé, kò pe Àlùfáà Bùsàrí. Ó ní òun ò lè kó jámáà jọ kí wọ́n máa tọrọ àlùjánnà fún ẹni tí ọtí pa. Ó ní ìtìjú agbo ilé ni.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ wò ó fúnra mi. Mo ní bí mo bá rí i pé ọtí ló pa á, n ó padà wá jókòó, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ọtí, ẹ ó ṣe àdúrà ọmọ mi kí ogójì ọjọ́ tó kọjá. Sùfiánù ní òun gbà.

Ọya

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ pé òkè Ọya, òkè Ọya, n kò rí Ọya rí. Ìgbà tí a dé Jẹ́bà tí ọkọ̀ gun orí afárá, tí mo rí omi náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, mo di ìrọ̀rí àga iwájú mú. N kò mọ̀ pé omi lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó má pariwo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ, bí ẹni pé ẹnì kan ti kó gbogbo òkè ibẹ̀ kúrò.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń jẹ́ Màlámù Sání. Ó fi làálì pa irùngbọ̀n rẹ̀ láró pupa. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ Hausa ju sannu lọ. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ láti kírun, omi tán nínú bútà mi, kò sọ nǹkan kan, ó da ìdajì tirẹ̀ sínú tèmi. Ó ra máásà, àkàrà ìrẹsì wọn tó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó gbé e lé mi létan, ó sì kọjú sí ojú fèrèsé kí ojú má bàa tì mí láti jẹ ẹ́. N kò rí i rí kí ọkùnrin ilé wa fún obìnrin ní oúnjẹ kó má dúró gba ọpẹ́.

Dẹ́rẹ́bà ló sọ fún un ìdí tí mo fi ń lọ. Màlámù Sání ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, “Allah ya jikansa.” Mo bi dẹ́rẹ́bà pé kí ló wí. Dẹ́rẹ́bà ní ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀.

Ó bá mi bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, nínú ọkọ̀ èrò, òun ló kọ́kọ́ ṣàdúrà fún ọmọ mi. Ilé tí wọ́n ti bí i kò tíì ṣe é.

Tudun Wada

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe mí ní kàyééfì ní Kàdúná ni ìlà mọ́tò. Ìlú tí wọ́n ti ń fọ epo ni wọ́n pè é fún wa, mo sì rò pé epo á máa ṣàn lójú títì. Mọ́tò tò láti ilé epo títí ojú mi ò fi rí ìparí rẹ̀ mọ́. Àwọn kan tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń sùn. Obìnrin kan ń gé irun ọmọ rẹ̀ lórí ìlà. Èkejì tó ṣe mí ní kàyééfì ni oòrùn ibẹ̀. Kì í ṣe oòrùn tiwa. Funfun ni. Ó ń bọ́ àwọ̀ lára nǹkan, ògiri, aṣọ, ojú èèyàn, gbogbo rẹ̀ á ṣí bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ jù.

Ilé Alhaji Ráájí ni mo wọ̀ sí ní Tudun Wada. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta ìṣó àti àgádágodo ní Kasuwan Barci, ọwọ́ rẹ̀ ni Lásísì wà kó tó ríṣẹ́. Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí n bọ́ bàtà. Ọmọ wọn obìnrin, Múlíkà, tó ti ń lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀, ó wá fi Hausa kí mi. Mo kí i ní Yorùbá, ó tún fi Hausa dáhùn. Mo bi Sàlámọ̀tù pé ṣé ọmọ yìí ò gbọ́ èdè wa ni. Ó ní, “Ó gbọ́, Ìyá. Etí rẹ̀ ń bẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu rẹ̀ ló ń gbé ibí.” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Lásísì ti kú nìyẹn. Ẹ̀rín náà bà mí lẹ́rù.

Wọ́n gbé tuwo ìrẹsì wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé oṣè gbígbẹ, ó ń fà bí ilá, àwọ̀ rẹ̀ jọ omi eérú tí mo fi ń se ọṣẹ. Mo wò ó, mo wo Sàlámọ̀tù. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́, ó sì dùn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọbẹ̀ Hausa ò dùn, kò tíì jẹ ti Sàlámọ̀tù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá kí mi. Ará ibi iṣẹ́ Lásísì ni wọ́n, Hausa ló pọ̀ nínú wọn. Wọn ò jókòó sórí àga. Wọ́n lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n dorí kodò, wọ́n ní “Yaya haƙuri”, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé kó mú sùúrù. Kò sí ẹni tó wojú mi nínú wọn. Ara fu mí. Mo sọ fún Sàlámọ̀tù pé àwọn èèyàn yìí ń fi nǹkan pamọ́, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á wojú ìyá òkú. Múlíkà tó wà lẹ́yìn wa ló dáhùn. Yorùbá ni ó sọ, ó rọra ń kó o jọ: “Màmá, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Wọn kì í wo ojú àgbà níbí.”

Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ìfòyà náà ò lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ tán, mo pe Alhaji Ráájí. Mo mọ̀ pé òun àti àwọn ará mọ́sáláásí wọn ló wẹ Lásísì. Mo ní, “Alhaji, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín wẹ ọmọ mi. Ṣé ọtí ń rùn lára rẹ̀?”

Sàlámọ̀tù ti gbé àwo, ó gbé e sílẹ̀ padà.

“Ìyá, n kò ní parọ́ fún yín,” ni Alhaji wí. “Ó ń rùn. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ló ń rùn.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ yàrá tí wọ́n fún mi, mo dojú kọ ògiri. Mo rò ó pé kí n padà sílé láàárọ̀, kí n máa lọ bá Sùfiánù, kí n sọ fún un pé òótọ́ ló wí. Ohun tó dá mi dúró kò ju pé mo fẹ́ rí ibi tó ṣubú sí.

Mọ́tò burukutu

Ẹni tó wá gbé mi ń jẹ́ Sámúẹ́lì, ọmọ Kàbbà, òun ni fọ́mánì wọn. Yorùbá rẹ̀ ń lọ bí orin, ó yí díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Onígbàgbọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku níwájú ilé Alhaji, pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní òun ni Lásísì máa ń pè ní bọ̀ọ̀dá.

Ọkọ̀ tó gbé wá, ohun tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ wọn ló ń mu. A gba ẹ̀gbẹ́ ìlà epo kọjá, a kò tò. Bí a ti ń kọjá, àwọn tó wà lórí ìlà gbóòórùn èéfín ọkọ̀ náà, wọ́n nawọ́ sí wa, wọ́n ń pariwo nǹkan kan lé wa lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni wọ́n ń wí. Sámúẹ́lì kọ́kọ́ fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó wá ní wọ́n ń pè é ní mọ́tò burukutu, pé kí a rọra wà á, kó má bàa bì lójú títì.

Burukutu ni ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń mu lọ́hùn-ún. Sámúẹ́lì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó dákẹ́.

A kọjá ládùúgbò Ungwan Rimi, níbi tí àwọn igi ti pàdé lórí títì. Ó ní ọ̀gá wọn pátápátá ń gbé ibẹ̀. N kò rí ọ̀gá náà títí mo fi kúrò ní Kàdúná. Wọ́n ní ó rìnrìn-àjò. A kọjá Ungwan Shanu, ilé tán, pápá bẹ̀rẹ̀, a sì dé.

Ohun tí mo rí nílé iṣẹ́ náà

Ẹ má ronú ilé ńlá. Àgbàlá kan lásán ni, wọ́n fi páànù yí i ká, wọ́n tẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Pòròpòrò ga bí ilé lápá kan. Ìkòkò irin ńlá méjì wà lórí ààrò, páìpù jáde lórí wọn bí ọrùn ògòǹgò, ó wọ inú omi tútù, ó sì ń kán tó, tó, sínú àgbá. Òórùn ibẹ̀ jọ ògì tó kan jù tí wọ́n gbé ti búrẹ́dì gbígbóná.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni mo kọ́kọ́ rí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àwọn ọkùnrin onígbálẹ̀. Wọn ò gbálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ní àgbàlá náà á na ìgbálẹ̀ síwájú ara rẹ̀ gbọọrọ, ní ìwọ̀n àyà, á máa fi í tọ́ afẹ́fẹ́ wò, á máa rọra gbé ẹsẹ̀, bí afọ́jú. Ọkùnrin tó sanra gbé korobá lọ́wọ́ òsì, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Gàrbá, ọlọ́dẹ wọn, àgbàlagbà tó ti hewú bí èmi, òun náà na tirẹ̀ ó ń bọ̀ wá kí mi. Oòrùn là, kò sí nǹkan kan níwájú wọn.

Mo sọ ọ́ sínú pé àwọn wọ̀nyí náà ti mu. Gbogbo ibí yìí ti mu.

Sámúẹ́lì mú mi lọ sí yàrá kékeré kan tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ń tọ́jú àgbá tó bá kún sí. Ó ní kí Lásísì tó dé, àgbá kì í kún, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ń bù ú mu. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ti fi ṣe àìsàn ojú. Ni wọ́n bá ní kí ẹnì kan máa da bẹntiróòlù díẹ̀ sínú àgbá kọ̀ọ̀kan bó bá ti kún, kó lè korò, kó má ṣeé mu mọ́. Ẹni tó bá máa ṣe é ló ní láti dúró ti nǹkan náà nígbà tó ṣì ṣeé mu, kó má sì mu ún.

“Kọ́kọ́rọ́ yìí ti kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi,” ni Sámúẹ́lì wí. “Ìyá, mo jẹ́ díákónì, ṣùgbọ́n mo tọ́ ọ wò. Gbogbo wa la tọ́ ọ wò. Lásísì nìkan ni kò fi kan ahọ́n rí. Ìdí tí wọ́n fi fún un nìyẹn.”

Mo ní, “Kí ló dé tó fi ń rùn lára rẹ̀, nígbà náà? Kí ló sì ṣe ojú rẹ̀ tí kò fi rí iná lọ́sàn-án gangan?”

Ó gbé àga kan sábẹ́ ìbòòji, ó ní kí n jókòó. Ó mú abọ́ tánganran funfun, ó gbé e kalẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níbi tí oòrùn ti ń pa, jìnnà sí àwọn àgbá. Ó bu díẹ̀ sí i nínú ohun tó ń kán náà. Ó mọ́ bí omi kànga. Ó ṣá ìṣáná, ó jù ú sí i, ó sún sẹ́yìn.

“Ìyá, ṣé ó ti gbiná?”

Mo wò ó. Mo ní kò gbiná, pé ìṣáná yẹn ti kú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.”

Mo dìde, mo tún un wò. Ẹ rántí pé ọlọ́ṣẹ ni mí. Kò sí èéfín. Kò sí ìró. Kò sí pupa, kò sí yẹ́lò, kò sí ohun tó ń mì. Abọ́ funfun ni, omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, oòrùn ń tàn sí i. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo na ọwọ́ sí etí abọ́ náà kí n gbé e fún un.

Sámúẹ́lì já mi lọ́wọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ ti gbá mi lọ́pẹ́ ọwọ́, ooru tí mo mọ̀, ooru ẹnu ààrò. Mo wo ọwọ́ mi. Mo wo abọ́ náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Gàrbá wá na ìgbálẹ̀ rẹ̀ sórí abọ́. Ṣóńṣó rẹ̀ dúdú lójú mi, ó kákò, iná pupa kékeré kan sì yọ lára ìgbálẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ó ń gùn ún bọ̀ lọ́wọ́ Gàrbá. Láti inú òfìfo. Ó tẹ̀ ẹ́ pa sílẹ̀.

Mo jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, n kò rántí àga. Sámúẹ́lì ní bí wọ́n bá gbé e sínú òkùnkùn n ó rí i, ó ń jó bùlúù, pé oòrùn ló ń gbà á mọ́ni lójú. Ó ní àwọn náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ni wọ́n ti ń dán an wò rí. Ó ní lọ́jọ́ náà rọ́bà kan tú lẹ́nu àgbá, nǹkan náà ṣàn lọ sẹ́nu ààrò, ó gbiná, iná sì tẹ̀lé e padà wá sí àárín àgbàlá. Kò sí ẹni tó rí i. Lásísì ń bọ̀ wá pa ẹnu yàrá dé. Ó rìn wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń rìn wọ oòrùn.

“Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, Ìyá. A rò pé agbọ́n ló ta á.” Ó ń wo ilẹ̀. “Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Gàrbá ní kó fò sókè sí i. Ìgbà tó ṣubú sínú èyí tó ti dà sílẹ̀ tí ẹ̀wù rẹ̀ wá ń dúdú lára rẹ̀, ìgbà yẹn la tó mọ̀. Òórùn tó wà lára rẹ̀ nìyẹn.”

Mo ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín.”

Ó ní, “A rẹ́rìn-ín, Ìyá.”

Gàrbá ti lóṣòó, ó ti ṣí fìlà rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ó wojú mi. Mo fẹ́ bínú sí wọn. Mo ń wá ìbínú náà nínú ara mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, mo sì ń rí ara mi lẹ́nu géètì yẹn ní ọ̀sán, tí mo ń wo ọmọ mi tó ń ju apá láàárín oòrùn. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bù ú sínú ìgò fún mi, kí n lè fi han ilé. Sámúẹ́lì kọ̀. Ó ní kò sí ọkọ̀ èrò tó yẹ kó gbé e. N kò jà á níyàn. N kò ní gbé ohun tó pa ọmọ mi sáàárín ọmọ ẹlòmíì.

Wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. Ilẹ̀ pupa ni, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, wọ́n fi òkúta kan sórí tirẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti rí i.

Nílé

Ìyókù ṣojú àwọn kan nínú yín. Mo kó gbogbo agbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ bí mo ti kọ ọ́ síbí yìí. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Sùfiánù mi orí. Kò fi ìkanra sọ̀rọ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Ìyá Lásísì, iná tí ojú ò rí? Ọ̀fọ̀ ló ń sọ èyí fún yín.” Àwọn kan ń mi orí tẹ̀lé e. Mo rí i pé ọwọ́ mi ṣófo, pé n kò ní ìgò, n kò ní abọ́, n kò ní Gàrbá.

Mo ní kí wọ́n pe Kàmọ́rù.

Ó wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí ó tún un sọ, ohun tó rí lọ́jọ́ náà. Ó tún un sọ, kò yí ẹyọ kan padà: bí Lásísì ti ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, bó ti ń ju apá, bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, bó ti ṣubú tí wọ́n wá ń sáré da yẹ̀pẹ̀ lé e, tí wọ́n sì lé ọkọ̀ òun kúrò lẹ́nu géètì.

Mo ní, “Iná náà ńkọ́, Kàmọ́rù? Báwo ló ṣe ga tó?”

Ó la ẹnu.

“Ìyá, iná ló jó o. Wọ́n sọ fún mi.”

“Mo mọ̀ pé iná ló jó o. Ojú rẹ ni mò ń bi. O dúró síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni àwọ̀ rẹ̀?”

Kàmọ́rù wò mí. Ó wo Sùfiánù. Mo rí i tó ń padà lọ sẹ́nu géètì yẹn nínú ara rẹ̀, tó ń wo àgbàlá náà láti apá kan dé ìkejì. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ìyá,” ó ní, “n kò rí iná kankan.”

Sùfiánù yí padà sí i. “O ò rí iná?”

“Bàbá, Lásísì nìkan ni mo rí.”

Ìyàwó Sùfiánù fi ìborùn bo ẹnu. Sùfiánù ń wo àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wá dìde, ó ní kí ẹnì kan lọ pe Àlùfáà Bùsàrí, ó sì mú bútà, ó jáde lọ ṣe àlùwàlá.

Nígbà tí àdúrà dé ibi orúkọ, Àlùfáà ní kí ẹbí dárúkọ olóògbé. Mo ti fẹ́ dáhùn. Sùfiánù ló ṣáájú mi. Ó ní Lásísì ọmọ Bùráímọ̀, ohùn rẹ̀ já, ó tún un pè, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ dáadáa. Gbogbo wa ṣe àmín. Kàmọ́rù wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn èèyàn bọ́ bàtà sí. Ìgbà tí gbogbo wa ti dákẹ́, òun ṣì ń ṣe àmín tirẹ̀ lọ.